Nígbà tí owó iná dá California lóró: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọdún 2000 sí 2001 àti gbèsè PG&E

Bí ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná bá ti délẹ̀ láàárín wa, ẹnìkan á ṣáà sọ pé irú wàhálà báyìí ò lè ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó ṣẹlẹ̀ rí. California ló ṣẹlẹ̀ sí, ìpínlẹ̀ tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ tóbi jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ iná tó tóbi jù níbẹ̀, PG&E, sì gba kóòtù lọ, ó ní gbèsè ti ju agbára òun lọ. Mo kọ ìdáhùn wọ̀nyí nítorí pé àwọn tó san gbèsè náà kọ́ ló jẹ ẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ rí ọ̀nà tí ó gbà dé ọrùn wọn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ní oṣù kẹsàn-án 1996, Gómìnà Pete Wilson fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n ń pè ní AB 1890. Kò sí aṣòfin kan ṣoṣo tó dìbò takò ó. Kí òfin yìí tó dé, ilé-iṣẹ́ iná ńlá mẹ́ta ló ń pèsè iná fún èyí tó pọ̀ jù nínú ìpínlẹ̀ náà: PG&E ní àríwá, Southern California Edison àti San Diego Gas & Electric ní gúúsù. Àwọn fúnra wọn ló ń mú iná wá, àwọn náà ló ń gbé e dé ilé oníbàárà. Òfin tuntun ní kí àwọn ẹlòmíràn wọlé wá bá wọn du ọjà. Wọ́n ta ọ̀pọ̀ ibùdó amúnáwá wọn tó ń lo gáàsì fún àwọn oníṣòwò bíi AES, Duke, Dynegy, Reliant àti Mirant. Láti 1998, inú ọjà kan tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ máa ra iná padà, lójoojúmọ́, ní iyekíye tí ọjà bá pè é.

Ọdún méjì àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́. Ní 1999, yúníìtì kan kò ju bíi sẹ́ńtì mẹ́ta lọ lọ́jà yẹn. Ní oṣù kejìlá 2000, ó ti lé ní sẹ́ńtì 37. Iná tí wọ́n rà lọ́jà ní 1999 ná wọn ní bíi $7 bílíọ̀nù. Ti 2000 di bíi $27 bílíọ̀nù. Ní oṣù kẹfà 2000, wọ́n pa iná fún apá kan agbègbè San Francisco lójijì. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 2001, wọ́n ti ń pa á ládùúgbò kan tẹ̀lé òmíràn, ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta, àwọn oníbàárà tó tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ló fara gbá a.

Ṣé iná ni kò tó?

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn. Òjò dá lápá Washington àti Oregon, níbi tí àwọn ìsédò ńláńlá wà, iná tí California ti máa ń rà lọ́dọ̀ wọn wá dín kù. Ní oṣù kẹjọ 2000, páìpù gáàsì ilé-iṣẹ́ El Paso bú gbàmù nítòsí Carlsbad ní New Mexico, ènìyàn 12 tó pàgọ́ sí etí odò níbẹ̀ sì bá a lọ. Gáàsì wọ́n lẹ́yìn ìyẹn. Ìwọ̀n gáàsì tí wọ́n ń rà ní dọ́là méjì tàbí mẹ́ta tẹ́lẹ̀ fò kọjá $50 ní ẹnubodè California fún ọjọ́ díẹ̀ nínú oṣù kejìlá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí. Nígbà ooru, tí gbogbo ilé ń tan ẹ̀rọ amúlétutù, California a máa lo bíi mẹ́gáwáàtì 45,000. Ní oṣù kìíní, nígbà òtútù, ohun tó ń lò kò ju bíi 30,000 lọ. Ìgbà òtútù yìí gan-an ni wọ́n wá ń pa iná fún aráàlú! Ohun tó fà á ni pé ibùdó amúnáwá tó tó mẹ́gáwáàtì 10,000 ló dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan nínú wọn nílò àtúnṣe lóòótọ́, torí wọ́n ti sáré púpọ̀ nígbà ooru. Àwọn onílé-iṣẹ́ kéékèèké, tí àwọn kan nínú wọn ń fi afẹ́fẹ́ mú iná wá, pa ẹ̀rọ wọn nítorí pé PG&E àti Edison ò sanwó fún wọn, àwọn tó ń lo gáàsì nínú wọn ò sì rówó rà á. Àwọn kan sì mọ̀ọ́mọ̀ fawọ́ iná sẹ́yìn kí ọjà lè gbóná. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń dùn mí jù.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń fi iná tí kò ṣeé dì mú ṣe àgàlámàṣà?

Àwọn oníṣòwò Enron, ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ra iná àti gáàsì láti tún un tà, fún ọgbọ́n wọn lórúkọ: Fat Boy, Death Star, Get Shorty, Ricochet. Bí Ricochet ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Òté, ìyẹn iye tí owó kò gbọ́dọ̀ kọjá, wà lórí iná tí wọ́n bá tà nínú California, kò sí lórí èyí tó bá ti òde wọlé nígbà pàjáwìrì. Wọ́n á ra iná nínú ìpínlẹ̀ náà, wọ́n á tà á jáde lórí ìwé fún ẹnìkejì wọn ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹni yẹn á sì tà á padà wọlé ní owó gọbọi. Ní ti Death Star, wọ́n ń gba owó pé àwọn ń bá wáyà ìpínlẹ̀ náà dín ẹrù kù, nígbà tó jẹ́ pé wọn ò fi iná kankan sí i, wọn ò sì yọ kankan kúrò.

Àwọn agbẹjọ́rò tó ń ṣiṣẹ́ fún Enron ló ṣàlàyé gbogbo èyí nínú ìwé àṣírí ní oṣù kejìlá 2000. FERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára, gbé ìwé náà síta ní oṣù karùn-ún 2002. Ní 2004, ohùn àwọn oníṣòwò náà lórí fóònù tún jáde. Wọ́n ń fi àwọn ìyá àgbà California ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Mi ò mọ bí ènìyàn ṣe lè gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ kí inú má bí i.

Ohun tí gbogbo ayé ń rà ni wọ́n ń tà. Báwo ni wọ́n ṣe wọko gbèsè?

Ẹ fi ìyá alátà rò ó. Wọ́n ní láràárọ̀ ni kó máa lọ ra ata ní Mile 12, iyekíye tí wọ́n bá pè é lọ́jọ́ náà. Kò gbọ́dọ̀ bá àgbẹ̀ ṣe àdéhùn oṣù mẹ́fà. Iye tí yóò tà á fún aráàdúgbò ti wà nínú òfin, kò sì gbọ́dọ̀ yí i padà. Kò tún gbọ́dọ̀ sọ pé ata ti tán. Bí ata bá pọ̀ lọ́jà, èrè ńlá ni. Bí ata bá wọ́n, gbogbo agbọ̀n tó bá tà ń jẹ ẹ́ lówó.

Òfin AB 1890 dín owó iná ilé kù ní ìpín mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ní kó dúró síbẹ̀ títí di 2002, àyàfi bí ilé-iṣẹ́ náà bá tètè gba owó àtijọ́ tó ná sórí àwọn ibùdó rẹ̀ padà. Kì í ṣe pé wọ́n fi tipátipá gbé èyí ka àwọn ilé-iṣẹ́ náà lórí o. Àwọn náà fẹ́ ẹ. Gbogbo wọn ló gbà pé iná ọjà yóò máa dín kù, àwọn yóò sì máa kó ìyókù sápò. Ohun tí wọn ò rò ni pé ọjà lè yí padà sí wọn. Nígbà tó yí padà, PG&E ń ra iná ní sẹ́ńtì 30 ó lé, ó ń tà á ní iye tó kéré sí ìdajì rẹ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2001, Edison kéde pé òun kò ní lè san $596 mílíọ̀nù tó jẹ àwọn olówó rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń díwọ̀n bí ènìyàn ṣe lè san gbèsè sí já òun àti PG&E wálẹ̀ pátápátá. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ ta iná àwìn fún wọn mọ́. Gómìnà Gray Davis kéde ìlú-ò-fara-rọ, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó omi, tí ìṣe rẹ̀ jẹ́ ìsédò àti ipa omi, ló sì wá di ẹni tó ń ra iná fún àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn. Ọjà iná tí òfin 1996 dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kógbá sílé kó tó pé ọdún mẹ́ta; ó ti wà ní kóòtù pẹ̀lú gbèsè tirẹ̀ ní oṣù kẹta 2001, ṣáájú PG&E.

Kí ló dé tí wọ́n máa ń dárúkọ San Diego?

San Diego ni ó kọ́kọ́ jẹ ìyà náà ní gbangba. Ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ ti gba owó àtijọ́ rẹ̀ tán ní 1999, nítorí náà òté ti kúrò lórí owó iná àwọn oníbàárà rẹ̀. Nígbà ooru 2000, bíìlì wọn di ìlọ́po méjì, ti àwọn míìràn di ìlọ́po mẹ́ta, láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn arúgbó ń pa ẹ̀rọ amúlétutù nínú ooru, àwọn onílé oúnjẹ kéékèèké ń ti ilẹ̀kùn. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn aṣòfin dá òté padà sí sẹ́ńtì mẹ́fà ààbọ̀ fún yúníìtì kan, ṣùgbọ́n ìyókù owó náà kò parẹ́: wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè gbà á lọ́jọ́ iwájú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ìpínlẹ̀ ṣe padà ṣe.

Nígbà tí PG&E lọ sí kóòtù, ṣé iná lọ?

Rárá. Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2001, ọjọ́ Ẹtì, ni wọ́n fi ìwé sílẹ̀ lábẹ́ orí 11 nínú òfin gbèsè Amẹ́ríkà. Òfin yẹn kì í ti ilé-iṣẹ́ pa. Ó ń dá àwọn olówó dúró ni, kí wọ́n má baà wá kó ẹrù, kí adájọ́ lè tò ẹni tí yóò gba owó, iye tí yóò gbà, àti ìgbà tí yóò gbà á. Àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ síbi iṣẹ́, iná ń dé ilé bíi mílíọ̀nù 13 ènìyàn tí wọ́n ń sìn. Gbèsè tí wọ́n kò rí gbà lọ́wọ́ oníbàárà tó bíi $9 bílíọ̀nù, títí di ìgbà yẹn, kò sì sí ilé-iṣẹ́ iná tàbí gáàsì tó ti gbé gbèsè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ dé kóòtù rí ní Amẹ́ríkà.

Ibi tó ká mi lára ni ti àwọn kéékèèké tó ń ta iná fún wọn. Wọ́n ti mú iná wá, aráàlú ti lò ó tán, owó wọn sì há sí kóòtù. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè farada irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ ju àwọn wọ̀nyí lọ.

Àwọn wo ló pàdánù jù nínú ọrọ̀ ajé?

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó gba ẹ̀dínwó lórí iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Láti ọdún pípẹ́, wọ́n ti fọwọ́ sí i pé a lè já iná àwọn nígbà pàjáwìrì, wọ́n sì ń san owó tó kéré. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bóyá ni wọ́n já a. Ní ìgbà òtútù yẹn, wọ́n ń já a lemọ́lemọ́, ẹni tó bá sì kọ̀ láti pa ẹ̀rọ rẹ̀ ń san ìtanràn tó gbópọn. Ẹ ronú ilé-iṣẹ́ irin tí ìléru rẹ̀ tutù láàárín iṣẹ́, tàbí ilé-iṣẹ́ oúnjẹ tí wọ́n ń da ohun tó ti bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ nù. Àwọn tó ń gbin òdòdó nínú ilé gbígbóná náà sunkún owó gáàsì, àwọn àgbẹ̀ tó ń fa omi láti inú ilẹ̀ sì ń ṣírò bóyá irè oko yóò san owó ẹ̀rọ fífà.

Ní ti Silicon Valley, agbègbè àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú kan tí iná bá lọ lè ba ẹrù tó wà lórí ìlà iṣẹ́ jẹ́. Ẹ̀rù ohun tó ń bọ̀ ṣe jàǹbá fún wọn ju wákàtí òkùnkùn lọ: ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí wo ìpínlẹ̀ mìíràn. Àmọ́ kí a má fi ẹ̀sùn gbogbo kan iná. Ìgbà kan náà ni òwò íntánẹ́ẹ̀tì wó lulẹ̀, owó orí ìjọba sì dín kù nítorí ìyẹn náà. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣọ́ra bí wọ́n bá fẹ́ fi iye lé e. Ìṣirò kan tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí fi gbogbo àfikún owó náà sí bíi $40 bílíọ̀nù.

Ṣé California nìkan ló jìyà?

Rárá o, èyí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Wáyà kan náà ló so gbogbo ìwọ̀-oòrùn pọ̀. Nígbà tí owó ga ní California, ó ga ní Seattle, Tacoma àti Spokane, níbi tí aráàlú kò ti dá sí òfin kankan. Láàárín ọdún kan, owó iná ìlú Seattle lé ní ìdajì ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ta iná ìsédò níbẹ̀, Bonneville, fi ìpín 46 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2001.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ alumíníọ̀mù ló fi hàn jù bí nǹkan ṣe dorí kodò. Iná olówó pọ́ọ́kú ló gbé wọn wá sí etí odò Columbia. Nígbà tí iná gbówó lórí, wọ́n rí i pé tita iná tó wà nínú àdéhùn wọn lérè ju yíyọ irin lọ. Wọ́n pa ìléru, wọ́n ta iná. Ní Mead, lẹ́bàá Spokane, Kaiser Aluminum ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìparí ọdún 2000. Bonneville pàápàá san owó fún àwọn ilé-iṣẹ́ kan kí wọ́n má ṣe tan ẹ̀rọ wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ìléru wọ̀nyẹn kò tún gbóná mọ́ títí di òní, iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ sì bá a lọ.

Kí ló dé tí Los Angeles kò wọ òkùnkùn?

Ìlú Los Angeles ló ni ilé-iṣẹ́ iná rẹ̀, kò sì wọ inú ètò tuntun náà. Kò ta ibùdó amúnáwá rẹ̀. Kódà, ó rí iná tà fún ìpínlẹ̀. Àwọn kan máa ń fi èyí sọ pé ìjọba ló yẹ kó ni iná. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀: níní ohun tí yóò mú iná wá fúnra rẹ̀, tàbí àdéhùn ọlọ́jọ́ pípẹ́, ló gbà á, ẹnikẹ́ni tó wù kó ni ín.

Kí ló wá dá wàhálà náà dúró?

Ohun mẹ́ta pàdé. Àkọ́kọ́, aráàlú dín iná lílò kù. Ìjọba ní ẹni tó bá fi ìpín 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín tirẹ̀ kù nígbà ooru yóò gba ẹ̀dínwó ìpín 20 lórí bíìlì rẹ̀, àwọn ènìyàn sì gbọ́. Iye tí wọ́n lò ní wákàtí tí iná lílò pọ̀ jù ní oṣù kẹfà 2001 fi ju ìpín mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ọdún tó ṣáájú. Kò sí gómìnà tàbí adájọ́ tó ṣe tó ohun tí àwọn ìdílé yìí ṣe. Èkejì, FERC, tó ti ń lọ́ra fún bí ọdún kan, fi òté sórí owó iná ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn ní oṣù kẹfà 2001. Ẹ̀kẹta, ìpínlẹ̀ ti bá àwọn tó ń mú iná wá ṣe àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ.

Àdéhùn yẹn ló wá di ẹrù mìíràn. Nígbà tí ẹ̀rù ń bà wọ́n jù ni wọ́n fọwọ́ sí i, iye rẹ̀ sì tó bíi $43 bílíọ̀nù. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, owó ọjà já wálẹ̀, California sì wà nínú àdéhùn ọ̀wọ́n.

Ta ló san án?

Ẹni tó ń san bíìlì. Ní oṣù kìíní 2001, àjọ tó ń ṣàkóso owó iná fi sẹ́ńtì kan kún yúníìtì kan. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta, wọ́n tún fi sẹ́ńtì mẹ́ta kún un. Wọ́n dáàbò bo àwọn ilé tó ń lo díẹ̀, ohun tó dára nìyẹn, àmọ́ ó wá wúwo sórí àwọn tó ń lo púpọ̀ àti àwọn onílé-iṣẹ́. Owó tí ìjọba fi ra iná láti inú àpò ìpínlẹ̀ lé ní $6 bílíọ̀nù. Ní 2002, wọ́n ta bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń yá owó, tó tó bíi $11 bílíọ̀nù láti dá a padà, wọ́n sì kọ owó ìsanpadà bọ́ǹdì náà sínú bíìlì oníbàárà, tí kò parí títí di 2020. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún òkùnkùn náà ti tó dìbò kí gbèsè yẹn tó tán.

PG&E jáde ní kóòtù ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 2004. Wọ́n san owó àwọn olówó rẹ̀ pé, pẹ̀lú èlé. Ọ̀nà tí wọ́n fi rí i ni pé kí oníbàárà máa san owó tó ga fún ọdún púpọ̀ sí i. Ohun rere kan jáde nínú àdéhùn náà: ilẹ̀ bíi éékà 140,000 létí odò àti lórí òkè, tó jẹ́ ti PG&E, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi ṣe ilé.

Ṣé wọ́n fìyà jẹ ẹnikẹ́ni?

Díẹ̀. Timothy Belden, tó jẹ́ olórí àwọn oníṣòwò Enron ní ìwọ̀-oòrùn, jẹ́wọ́ ẹ̀bi ní kóòtù ní 2002. El Paso gbà láti san bíi $1.7 bílíọ̀nù ní 2003 lórí ẹ̀sùn pé ó di gáàsì mú. Enron ti wọko gbèsè tirẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá 2001, kò sì sí owó púpọ̀ láti gbà lọ́wọ́ òkú. Gray Davis, tó bá òfin náà nílẹ̀, ni aráàlú fìbò yọ ní oṣù kẹwàá 2003, Arnold Schwarzenegger sì gbapò rẹ̀. Pete Wilson tó fọwọ́ sí i ti fi ipò sílẹ̀ tipẹ́. Davis lọ́ra jù láti fi kún owó iná, mo gbà, ṣùgbọ́n ìdájọ́ tó bọ́ sórí rẹ̀ kò dọ́gba rárá.

Ǹjẹ́ ó kan wa ní Nàìjíríà?

Ó kàn wá ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ní 1999, Enron bá ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe àdéhùn láti gbé ẹ̀rọ amúnáwá wá lórí ọkọ̀ ojú omi. Kí ọdún náà tó parí, Enron ta ìpín nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn fún báńkì Merrill Lynch kó lè kọ èrè sínú ìwé ọdún rẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ilé-iṣẹ́ kan tó jẹ́ ti ọ̀gá Enron kan rà á kúrò lọ́wọ́ báńkì náà. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ ní Houston. AES, ọ̀kan nínú àwọn tó ra ibùdó amúnáwá California, ló gba iṣẹ́ Èkó náà lọ́wọ́ Enron, ibẹ̀ sì ni ibùdó mẹ́gáwáàtì 270 tó wà ní Ẹgbin ti wá.

Ìyókù ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2013, ìjọba àpapọ̀ fa PHCN lé àwọn aládàáni lọ́wọ́: ẹnìkan ń mú iná wá, ẹlòmíràn ń pín in. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà kò tó iye tí iná náà jẹ́, gbèsè sì ń gun orí gbèsè láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pín in títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta gáàsì. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní ìpele A (Band A), àwọn tí iná wọn yẹ kó pọ̀ jù lójúmọ́, láti nǹkan bíi ₦68 dé ₦225 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti lè ṣe òfin iná tirẹ̀ báyìí lábẹ́ òfin 2023. Bí mo bá jẹ́ aṣòfin ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ohun tí mo máa kọ́kọ́ béèrè ni: ta ló ní àdéhùn ọlọ́dún pípẹ́ fún iná tó ń bọ̀, ta sì ni gbèsè yóò bọ́ sí lọ́rùn bí gáàsì bá gbówó lórí?

Mo ń gbé ní California. Ṣé mo ṣì ń san gbèsè náà?

Ti bọ́ǹdì 2002 ti parí. Ṣùgbọ́n PG&E tún padà sí kóòtù ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2019, lọ́tẹ̀ yìí nítorí iná igbó. Wáyà rẹ̀ ló dá èyí tó jó ìlú Paradise ní oṣù kọkànlá 2018 sílẹ̀, ènìyàn 85 sì kú. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀bi ikú 84 nínú wọn ní kóòtù, ó sì bọ́ nínú gbèsè ní oṣù keje 2020. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2019 dá àpò owó kan sílẹ̀ fún irú iná igbó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí owó bọ́ǹdì àtijọ́ kúrò lórí bíìlì, owó àpò yìí ló gba ipò rẹ̀, iye tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba ni. Bí ẹ bá jẹ́ oníbàárà PG&E, Edison tàbí San Diego, ẹ wo abala tó to owó kéékèèké sílẹ̀ nínú bíìlì yín, ẹ máa rí i níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ “Wildfire Fund Charge”.